Áńpílì onílámpù wa ń kùn, ó tún ń ta pàrà: níbo ni ariwo yìí ti ń wá?

GìtáÀjàṣẹ́ (Àjàṣẹ́), Ọjọ́ Ajé, 20:14

Ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, ni mo fi gbé e wá síwájú yín.

Èmi ni mo ń ta gìtá ní ìjọ wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí. Ọmọ ìjọ kan tó wà ní Amẹ́ríkà ló fi áńpílì kan (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè) ránṣẹ́ sí wa. Ògbólógbòó ni, ó ní láti nǹkan bí ọdún 1975 ni. Lámpù kékeré mẹ́rin (12AX7) ló wà nínú rẹ̀ àti lámpù ńlá méjì (6L6). Ìgò tó ń gbóná, tó ń mú ohùn lágbára, ni àwọn lámpù yìí, kì í ṣe gílóòbù. Wọ́n kọ 117 V, 60 Hz sí i lẹ́yìn, nítorí náà a ra tíránsífọ́mà tó ń sọ 220 di 110 ní ọjà Wàǹdó. Ohùn rẹ̀ dùn, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ariwo rẹ̀ ló ń kó mi láyà sókè.

Àkọ́kọ́, ó ń kùn: wùùùùù. Tí mo bá tàn án, ó máa dákẹ́ díẹ̀ títí lámpù yóò fi gbóná, lẹ́yìn náà ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò ní dákẹ́ mọ́. Ìkejì, ó ń ta pàrà-pàrà bí epo àkàrà tí omi kán sí. Ìyẹn kì í ṣe gbogbo ìgbà. Ó lè dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Lánàá, àdúrà ìdákẹ́jẹ́ẹ́ la wà tó fi ta pá! Gbogbo ìjọ yíjú sí mi bí ẹni pé èmi ni mo tu tábà.

Mo ti pààrọ̀ wáyà gìtá, mo ti yá gìtá ẹlòmíràn, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ń fi lélẹ̀. Ẹnì kan ní kí n lọ ra lámpù tuntun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Owó ìyẹn kò sí lọ́wọ́ ìjọ. Ẹ̀yin àgbà, kí ni kí n ṣe?

Kóséwu (Àjàṣẹ́), Ọjọ́ Ajé, 20:31

Lámpù ni. Èmi pààrọ̀ tèmi, ariwo lọ, ó tán. Ẹ wá owó.

Ìyá Béèsì (Àjàṣẹ́), Ọjọ́ Ajé, 20:52

Kóséwu, ẹ rọra o. Tí ó bá wá ra lámpù mẹ́fà tán tí ariwo kò lọ ńkọ́? Ẹ̀yin ni ẹ máa san án?

Àbúrò, èmi ń yá àwọn èèyàn ní ẹ̀rọ ohùn fún ìnáwó, mo sì ń ta béèsì. Jọ̀ọ́, ṣe nǹkan mẹ́ta yìí fún mi lálẹ́ òní, kò gba owó kankan.

Yọ wáyà gìtá kúrò pátápátá. Ṣé ariwo ṣì wà? Tí kò bá sí mọ́, gìtá tàbí iná inú ilé ló ń dà ọ́ láàmú, kì í ṣe áńpílì.

Yí fọ́lúùmù sílẹ̀ dé òdo. Ṣé wùùù náà lọ sílẹ̀ tẹ̀lé e, àbí ó dúró síbi tó wà? Èyí tó bá tẹ̀lé fọ́lúùmù, iwájú fọ́lúùmù ló ti wọlé. Èyí tí kò tẹ̀lé e, ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà, lọ́nà ọ̀dọ̀ àwọn lámpù ńlá.

Ìkẹta ni mo fẹ́ràn jù. Gbé gìtá rẹ lọ síbi tí kò sí áńpílì, kí o ta okùn tó nípọn jù, kí ìka rẹ wà ní ilé kẹta (àlàfo kẹta láàárín àwọn irin tó dábùú ọrùn gìtá). Sol (G) nìyẹn, 98 Hz, ìyẹn ni pé okùn náà ń gbọ̀n ní ìgbà 98 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Fi ohùn yẹn wé wùùù náà. Ṣé ọ̀kan náà ni, àbí wùùù náà wálẹ̀ jù ú lọ bí ohùn bàbá ṣe wálẹ̀ ju ti ọmọ rẹ̀ lọ? Lórí béèsì tèmi, ilé kẹta okùn tó nípọn jù jẹ́ 49 Hz. Ọ̀kan nínú méjèèjì ló máa bá mu, ìyẹn á sì sọ ibi tí a máa wò.

Ọmọ Òkè (Ṣábẹ̀ẹ́), Ọjọ́ Ajé, 21:10

Gbogbo wàhálà yìí pọ̀ jù. Wáyà ilẹ̀ ló máa ń fa wùùù. Ẹ gé ẹsẹ̀ kẹta tó wà lórí púlọ́ọ̀gì dànù, ó máa dákẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn ní Ṣábẹ̀ẹ́.

Bàbá Rédíò (Kétu), Ọjọ́ Ajé, 21:48

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ohun tí Ọmọ Òkè sọ yìí, kó kọ́kọ́ fi ibi tí ìwé ilé wà han ìyàwó rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ́tí. Irin ara áńpílì so mọ́ okùn gìtá láti inú wáyà gìtá. Ẹni tó ń ta gìtá ti di irin áńpílì mú nìyẹn, bó mọ̀, bí kò mọ̀. Tí tíránsífọ́mà inú rẹ̀ bá jo lọ́jọ́ kan, tí iná sì bọ́ sára irin yẹn, wáyà ilẹ̀ ló máa gbé e lọ, tí fíúsì á fi já. Tí ẹ bá ti gé wáyà ilẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù fún iná náà ni ara yín, pàápàá tí ètè yín bá kan maikirofóònù tó so mọ́ ẹ̀rọ mìíràn. Láti ọdún 1978 ni mo ti ń tún rédíò ṣe ní Kétu níbí. Mo ti rí i tí iná gbé akọrin ṣubú lórí pèpéle. Kò kú, Ọlọ́run ṣeun, àmọ́ kò kọrin mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Wáyà ilẹ̀ lè fa wùùù lóòótọ́, bí ẹ̀rọ méjì bá so mọ́ra wọn tí ìkọ̀ọ̀kan sì ń gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ sílẹ̀. Ọ̀nà àtúnṣe rẹ̀ ni kí ẹ fi ẹ̀rọ méjèèjì sí ojú iná kan náà. Ẹ má gé nǹkan kan.

GìtáÀjàṣẹ́, Ọjọ́ Ajé, 22:05

Bàbá, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Tíránsífọ́mà tí a rà yẹn, ihò méjì péré ló ní. Púlọ́ọ̀gì áńpílì náà ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, kò wọlé, ni oníná ìjọ bá fi píláyà gé ìkẹta. Tí mo bá di gìtá mú tí mo fẹ́ gbe ègbè, tí ètè mi bá kan maikirofóònù, ó máa ń ta mí bí ìgbà tí ìjàlọ bá géni jẹ. Mo rò pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn ni.

Swíìṣì kékeré kan tún wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n kọ GROUND sí i. Tí mo bá tì í sápá kan, wùùù dín díẹ̀. Tí mo bá tì í sápá kejì, ó pọ̀ sí i.

Bàbá Rédíò, Ọjọ́ Ajé, 22:19

Kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Má ta gìtá sí áńpílì yẹn mọ́ tí ẹnu rẹ bá máa súnmọ́ maikirofóònù, títí a ó fi tún un ṣe.

Swíìṣì yẹn, kàpásítọ̀ kékeré kan (ohun tó ń gba iná sínú, tó sì ń tú u sílẹ̀) ló wà lẹ́yìn rẹ̀ tó so ojú iná mọ́ irin ara áńpílì. Nígbà tí wọ́n ń ṣe é, ìlú wọn ni wọ́n ń rò, iná 120 V, ọ̀pọ̀ ilé kò sì tíì ní wáyà ilẹ̀. Àwọn alátùn-ún-ṣe Amẹ́ríkà fúnra wọn ń pè é ní kàpásítọ̀ ikú, torí bó bá fọ́ sínú, iná wà lára okùn gìtá rẹ nìyẹn. Kí ẹni tó bá ṣí i yọ ọ́ dànù, kó so wáyà ilẹ̀ tòótọ́ mọ́ irin ara áńpílì pẹ̀lú bóòtì. Kí ẹ fi púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sí i, kí ẹ sì wá tíránsífọ́mà tó ní ojú ilẹ̀.

Kí oníná tún wo ilé ìjọ yín bóyá wáyà ilẹ̀ wà níbẹ̀ rárá. Àìmọye ilé ni mo ti dé tí ihò kẹta wà lára ògiri, tí nǹkan kan kò sì so mọ́ ọn lẹ́yìn. Ní Àjàṣẹ́, ọ̀sà wà nítòsí yín, ilẹ̀ yín tutù. Ọ̀pá bàbà tó bá wọlẹ̀ dáadáa lè tó yín, àmọ́ kí oníná wọ̀n ọ́n. Ní Kétu níbí, tí ọyẹ́ bá dé, ilẹ̀ pupa wa a máa gbẹ tó fi ń là, omi ni mo ń dà sí ìdí ọ̀pá tèmi. Èédú àti iyọ̀ ni mo sì rọ́ sínú ihò rẹ̀ nígbà tí mo ń rì í.

Ará Ìmẹ̀kọ (Ìmẹ̀kọ, mo ń ná ọjà Kétu), Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 07:33

Ẹ kú àárọ̀ o. Fáàfù ni àwa ń pe ohun tí ẹ̀yin ń pè ní lámpù, ẹ má ṣì mí gbọ́.

Mo ti wo fídíò lórí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Tí ariwo bá jẹ́ 120 Hz, kàpásítọ̀ ńlá ló ti gbẹ. Tí ó bá jẹ́ 60, wáyà iná tó ń mú fáàfù gbóná ni. Kí àbúrò wa wá ẹ̀rọ tó ń wọn ohùn sórí fóònù rẹ̀, kó wò ó.

Ìyá Béèsì, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 07:50

Ará Ìmẹ̀kọ, ọmọ Amẹ́ríkà ló ṣe fídíò yẹn, iná tiwọn ló ń sọ. Tiwa 50 Hz ni, tiyín náà lọ́hùn-ún bẹ́ẹ̀ ni. Torí náà 50 àti 100 ni kó máa wá. Tíránsífọ́mà Wàǹdó yẹn ń dín fóòtì kù, kò lè sọ 50 di 60 láéláé.

Ará Ìmẹ̀kọ, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 07:58

Ẹ ṣeun, mà. N kò ro ìyẹn rárá.

Bàbá Rédíò, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 08:40

Ó kù díẹ̀ kí n fi kún un, kí ọmọ wa má bàa fi etí nìkan dá ẹjọ́. Iná tó ń wọlé ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Áńpílì á yí i padà kó lè máa lọ síbì kan ṣoṣo, ìgbì rẹ̀ á wá di 100. Àwọn kàpásítọ̀ ńlá ló yẹ kó tẹ́ ìgbì yẹn pẹrẹsẹ. Ẹ fi wé àmù. Omi tí a dà láti orí ń dún gbàlàgbàlà, tó bá ti dé inú àmù, ó dákẹ́. Kàpásítọ̀ tó ti gbẹ dà bí àmù tó ti fọ́ ìdí, gbàlàgbàlà náà ni ẹ ó máa gbọ́ nínú sípíkà. Àmọ́ 100 máa ń ní ẹnu ṣóṣóró, ó ń bú zzzz díẹ̀. 50 rí roboto, bí ẹni fi imú kọrin. Sípíkà kékeré kì í gbé 50 jáde dáadáa, òun ló fi máa ń tan etí. Ẹ fetí sí ìrísí ohùn náà, kì í ṣe gíga rẹ̀ nìkan.

GìtáÀjàṣẹ́, Ọjọ́rú, 21:26

Mo ti dé. Èsì rèé.

Mo yọ wáyà gìtá: wùùù ṣì wà, ó kàn dín ní ìwọ̀n táṣẹ́rẹ́. Mo yí fọ́lúùmù sí òdo: kò yí padà rárá. Mo ta ilé kẹta lórí okùn tó nípọn jù: Ìyá, ọ̀kan náà ni! Mo pe ọmọ mi ọkùnrin kó wá gbọ́, òun náà ní ọ̀kan náà ni, ó sì ń bú zzzz bí Bàbá ṣe sọ.

Ti pàrà-pàrà ní tirẹ̀ ń tẹ̀lé fọ́lúùmù. Tí mo bá yí i sí òdo, kò sí mọ́.

Ìyá Béèsì, Ọjọ́rú, 21:40

Àrùn méjì ló wà lára rẹ̀ nìyẹn. Wùùù wà lẹ́yìn, ní ibi iná tàbí lámpù ńlá. Pàrà-pàrà wà níwájú fọ́lúùmù. Kóséwu, ṣé ẹ rí i?

Kóséwu, Ọjọ́rú, 21:44

Mo rí i. Lámpù náà ṣì lè jẹ́.

Bàbá Rédíò, Ọjọ́rú, 22:02

Ó lè jẹ́. Ẹ jẹ́ ká wò ó.

Ọmọ mi, pa áńpílì, yọ púlọ́ọ̀gì, jẹ́ kó tutù. Má yọ sípíkà o, torí áńpílì onílámpù tí a tàn láìsí sípíkà lè jó tíránsífọ́mà ìjáde rẹ̀ (èyí tó wà láàárín lámpù ńlá àti sípíkà), owó rẹ̀ kò sì kéré. Fi aṣọ mímọ́ di lámpù kékeré tó jìnnà jù sí àwọn ńlá mú, fà á jáde ní gbọọrọ, má ṣe lọ́ ọ. Tún tàn án. Ṣé pàrà-pàrà lọ? Pa á. Yọ èyí tó tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ ni kí o máa bọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí o fi máa dé èyí tó kángun sí àwọn ńlá. Òun ló ń pín ohùn sí méjì fún wọn. Tí o bá yọ òun náà tán tí wùùù kò dákẹ́, ó ku lámpù ńlá àti iná nìyẹn.

Bí o ti ń yọ wọ́n, wo ẹsẹ̀ wọn. Tó bá dúdú, fi ẹ̀mí ọtí àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín nù ún. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà yín yẹn ń jẹ irin. Mo ti rí áńpílì tó ń pariwo bí ọjà, tó jẹ́ pé ìdọ̀tí ẹsẹ̀ lámpù nìkan ló ń ṣe é.

Ọmọ Òkè, Ọjọ́bọ̀, 12:15

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo ka ohun tí ẹ sọ lọ́jọ́ Ajé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro tèmi. Àpáta ni gbogbo ibi tí mo wà nísàlẹ̀ òkè Ṣábẹ̀ẹ́. Tí mo bá kan ọ̀pá mọ́lẹ̀, ìka mẹ́ta ni, ó ti kan òkúta. Báwo ni kí n ṣe wáyà ilẹ̀?

GìtáÀjàṣẹ́, Ọjọ́bọ̀, 21:03

Mo ti yọ ọ́ bí ẹ ṣe ní. Àkọ́kọ́ jáde, pàrà-pàrà ṣì wà. Ìkejì jáde, pàrà-pàrà LỌ. Mo dá ìkejì padà, ó tún dé. Inú mi dùn, mo ní lámpù yẹn ni! Mo gbé àkọ́kọ́ sí ojú ìkejì kí n lè dá a lójú. Pàrà-pàrà ṣì wà. Ọ̀rọ̀ wá rú mi lójú.

Mo yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán, wùùù kò mì.

Kóséwu, Ọjọ́bọ̀, 21:09

Ojú tì mí díẹ̀.

Ará Ìmẹ̀kọ, Ọjọ́bọ̀, 21:30

Àwọn fáàfù ńlá méjèèjì, ṣé wọ́n bára mu? Wọ́n ń fa iná ní ọ̀tún àti ní òsì ni. Tí wọ́n bá ń fa iye kan náà, wùùù tó wà nínú iná á pa ara rẹ̀ rẹ́ nínú tíránsífọ́mà ìjáde. Tí ọ̀kan bá lágbára ju èkejì lọ, wùùù á jáde bí kàpásítọ̀ tilẹ̀ dára. Èmi rò pé òun ni, kì í ṣe kàpásítọ̀.

Bàbá Rédíò, Ọjọ́bọ̀, 22:11

Òótọ́ ni Ará Ìmẹ̀kọ sọ, àmọ́ mi ò gbà pé kàpásítọ̀ áńpílì tó ti lé ní ogójì ọdún ṣì dára. Omi inú wọn a máa gbẹ. Kí ẹ yẹ méjèèjì wò.

Ó wá kan ibi tó léwu. GìtáÀjàṣẹ́, ṣé o ti jó òjé nínú ẹ̀rọ onífóòtì gíga rí?

GìtáÀjàṣẹ́, Ọjọ́bọ̀, 22:15

Wáyà gìtá ni mo máa ń jó òjé sí. N kò ṣí áńpílì rí.

Bàbá Rédíò, Ọjọ́bọ̀, 22:34

Má ṣí i nígbà náà. Mú un lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí o sì fi ohun tí mo fẹ́ kọ yìí hàn án. Tí kò bá mọ ohun tí mo ń sọ, gbé áńpílì rẹ padà sílé.

Iná tó wà nínú rẹ̀ lè ju 400 V lọ, àwọn kàpásítọ̀ ńlá a sì máa di í mú lẹ́yìn tí a ti yọ púlọ́ọ̀gì, nígbà mìíràn fún ìgbà pípẹ́. Púlọ́ọ̀gì tí a yọ kò sọ pé iná ti kúrò. Èmi, rẹsísítọ̀ (ohun tó ń dín ìṣàn iná kù) 10 kilo-ohm tó nípọn, 10 watt, ni mo fi sórí wáyà olórí ọ̀nì. Mo kọ́kọ́ fi ẹnu kan há irin ara áńpílì. Mo wá fi ẹnu kejì kan orí kàpásítọ̀ kọ̀ọ̀kan, màá sì dúró títí mítà á fi sọ fún mi pé ó ti wálẹ̀ kọjá 10 V. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni mo fi ń ṣe é. Ọwọ́ òsì wà nínú àpò. Ọ̀gá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Tí ọwọ́ méjèèjì bá wà nínú ẹ̀rọ, ọkàn rẹ wà láàárín wọn.

Kó wo kàpásítọ̀ ńlá: ṣé orí rẹ̀ wú, ṣé nǹkan funfun tú jáde ní ìdí? Kó fi 22 µF, 500 V dípò 20 µF, kó má sì ṣi ẹsẹ̀ pọ́sítífù (+) àti ẹsẹ̀ òdì (−) rẹ̀ mú, torí èyí tí a so lódì máa ń bú gbàmù. Kó wá wọn iná tí lámpù ńlá kọ̀ọ̀kan ń fà.

Ti pàrà-pàrà: lámpù yí padà, ariwo dúró sí ojú ìkejì. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ohun tó wà nídìí ojú ìkejì ló ń ṣe é. Kó tàn án, kó fi ọparun tó gbẹ dáadáa (irin kọ́!) máa ta àwọn rẹsísítọ̀ tó so mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, kó máa gbọ́. Mo fura sí 100 kilo-ohm tó ń gbé iná gíga wọ inú lámpù. Oníkáróbọ̀nù aláwọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n máa ń fi sí i láyé ìgbà yẹn, òun a sì máa di aláriwo tó bá dàgbà.

Ìyá Béèsì, Ọjọ́ Ẹtì, 06:55

Bàbá, ẹ fún wa ní ìwé ọ̀fẹ́. Àbúrò, ẹnì kan wà tí mo máa ń gbé ẹ̀rọ tèmi lọ fún, màá fi ọ̀nà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ ní ìkọ̀kọ̀. Ó máa ń pẹ́ àmọ́ kì í purọ́.

Tí o bá gbà á padà, má gbé e súnmọ́ àwọn gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú tí ẹ fi yí pèpéle ká yẹn, àti ṣájà fóònù. Bí gìtá rẹ bá jẹ́ èyí tí píkọ́ọ̀pù rẹ̀ (òòfà tí wáyà yí ká, tó ń gbọ́ okùn) jẹ́ oníkọ́ìlì ẹyọ kan, yóò máa gbé ariwo wọn. Yí ara rẹ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń jó, o ó rí ibi tó ti máa dákẹ́.

Ará Ìmẹ̀kọ, Ọjọ́ Ẹtì, 09:20

Ọmọ Òkè, ẹnikẹ́ni kò dá ọ lóhùn. Tí ọ̀pá kò bá lè wọlẹ̀ ní òòró, tẹ́ wáyà bàbà tó nípọn ní ìbú. Wa kòtò tóóró gígùn níbi tí erùpẹ̀ bá ti jìn díẹ̀, bóyá lẹ́yìn balùwẹ̀ tí omi ń gbà, tẹ́ wáyà sínú rẹ̀, bò ó. Kí oníná wá wọ̀n ọ́n lẹ́yìn náà.

GìtáÀjàṣẹ́, Ọjọ́ Àìkú (ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà), 15:47

Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Ìyá sọ pé ẹni náà máa ń pẹ́, kò purọ́.

Ó ṣí i níwájú mi. Lábẹ́ páànù irin kékeré kan lókè ni àwọn kàpásítọ̀ ńlá wà. Márùn-ún ni wọ́n. Méjì nínú wọn ti tú nǹkan funfun bí iyọ̀ jáde ní ìdí, ó ti jẹ páànù náà ní àmì roboto. Ó pààrọ̀ márààrún. Wùùù lọ sílẹ̀ gan-an, kò tán. Ó wọn lámpù ńlá: ọ̀kan ń fa 43 milliamp, èkejì 24. Bàbá àti Ará Ìmẹ̀kọ, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre! A ra 6L6 méjì tó bára mu, owó yẹn la rí kó jọ nínú ìjọ. Ó tún wọn. Ọ̀kan fi 2 ju èkejì lọ péré. Wùùù tó kù báyìí, ẹ ó ní láti gbé etí lé sípíkà kí ẹ tó gbọ́ ọ.

Pàrà-pàrà: ó mú ọparun kékeré, ó ń ta rẹsísítọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkínní, kò sí nǹkan. Ìkejì, kò sí nǹkan. Ó kan ìkẹta, PÀRÀRÀRÀ! Àwa méjèèjì fò sẹ́yìn. 100 kilo-ohm aláwọ̀ ilẹ̀ ni lóòótọ́. Ó gbé e lé mítà, 136 ló kà. Ó fi onírin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i. Owó rẹ̀ kò tó owó ṣúgà.

Kàpásítọ̀ ikú ti kúrò. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wà níbẹ̀. Oníná sì ti ri ọ̀pá bàbà lẹ́yìn ilé ìjọ. Bàbá, ohun tí ẹ sọ nípa ihò kẹta rí bẹ́ẹ̀ gan-an, nǹkan kan kò so mọ́ ọn. Lónìí mo fi ẹnu kan maikirofóònù, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ṣì ń hó ṣìììì díẹ̀ tí mo bá gbé fọ́lúùmù sókè. Ṣé kí n máa wá ìyẹn náà?

Bàbá Rédíò, Ọjọ́ Àìkú, 16:30

Rárá. Ṣìì kékeré yẹn ni mímí rẹ̀. Lámpù tó bá ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ mí. Tó bá di pé ó borí gìtá, kí o padà wá.

Kí o tọ́jú 6L6 àtijọ́ méjèèjì sínú páálí, kí o kọ 43 sí ọ̀kan, 24 sí èkejì. Wọ́n ṣì dára, wọn kò kàn bára wọn mu ni. Lọ́jọ́ kan o lè rí ìkẹta tó ń fa 43.

Kóséwu, Ọjọ́ Àìkú, 16:41

Ẹ rí i pé ẹ padà ra lámpù.

Ìyá Béèsì, Ọjọ́ Àìkú, 16:43

Méjì, Kóséwu. Kì í ṣe mẹ́fà.

Ọmọ Òkè, Ọjọ́ Àìkú, 19:05

A ti ń wa kòtò lẹ́yìn balùwẹ̀ láti àárọ̀. Ó ti gùn tó mítà mẹ́rin, ìyàwó mi ní ṣé mo fẹ́ sin ẹnì kan ni. Ará Ìmẹ̀kọ, kí wáyà bàbà náà nípọn tó báwo?